Ẹ́ńjìnì Tó Ń Dún Kò Tíì Kú

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ láti Ìkẹjà títí dé Agége, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bí mi nínú. Mẹkáníìkì ń sọ ọ́. Awakọ̀ dánfó ń sọ ọ́ ní Ìyànà Ìpájà. Òṣìṣẹ́ báńkì tó ń gbé Camry lọ sí Allen ń sọ ọ́, àlàájà tó ń fi Sienna kó ọjà náà ń sọ ọ́: "Ẹ́ńjìnì tó bá ti nọ́ọ̀kì, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ má fi owó ṣòfò lórí ẹ̀. Ẹ gbé Bẹ́líjíọ̀mù." Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka òfin. Ọkọ̀ kan á dé láàárọ̀, ohùn tí kò sí níbẹ̀ lánàá á máa jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá mẹkáníìkì á tẹ́tí sí i díẹ̀, á mirí, á ní, "Ọ̀gá mi, ẹ́ńjìnì yìí ti lọ." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti wà ní Ládìpọ̀ ní Múṣín, wọ́n ń ná Bẹ́líjíọ̀mù, ẹ́ńjìnì àlòkù tó ti òkèèrè wá. Láàárín ohùn tí wọ́n gbọ́ àti owó tí wọ́n fẹ́ san, kò sí ẹni tó bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kó ṣáájú: kí ló ń dún?

Mo lòdì sí àṣà yìí pátápátá. Kò sí ohùn ẹ́ńjìnì kankan tó yẹ kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ san owó àtúnṣe nígbà tí wọn kò tíì fi ibi tó ti ń jáde hàn án. Àyẹ̀wò ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ó ní owó tirẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ parí kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀yà ọkọ̀ tàbí ẹ́ńjìnì mìíràn.

N kò ní sọ pé àwọn tó ń sọ pé ká gbé òmíràn kò ní ìdí. Wọ́n ní in, ó sì nípọn. Wọ́n ní ọkọ̀ làwọn fi ń jẹun: ọjọ́ tí dánfó tàbí ọkọ̀ Bolt kò bá jáde, owó ojúmọ́ tó yẹ kó kan olówó ọkọ̀ lọ́wọ́ kò dúró. Wọ́n ní bí a bá tú ẹ́ńjìnì palẹ̀, ọjọ́ á gorí ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnì tí a tú kì í sábà padà bó ṣe wà. Bíárìn àti ríìngì tí a rà lọ́jà lè jẹ́ ayédèrú, tọ́nà lè ha kíráńkì kọjá ìwọ̀n, oṣù mẹ́ta lè má pé kí ariwo náà padà. Ti Bẹ́líjíọ̀mù yàtọ̀ ní tiwọn, torí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló dè é, ọwọ́ oníṣẹ́ ìhín kò tíì kàn án. A gbé e wọlé lónìí, ọkọ̀ jáde lọ́la. Wọ́n tún ní mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kò nílò irinṣẹ́ kankan, pé etí rẹ̀ tó ti ń gbọ́ ẹ́ńjìnì láti bí ogún ọdún ti tó. Wọ́n wá fi dé e pé owó òfò ni owó àyẹ̀wò, torí àyẹ̀wò kì í tún ọkọ̀ ṣe.

Ẹni tí wọ́n bá ti tú ẹ́ńjìnì rẹ̀ rí, tó náwó náràá, tí ariwo sì tún padà, mọ̀ pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Ìbéèrè tí gbogbo ẹjọ́ yẹn ń dáhùn ni pé ká tú ẹ́ńjìnì ni tàbí ká pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí èyí tó fi hàn nínú wọn pé ẹ́ńjìnì gan-an ló ń dún. Wọ́n ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó dé.

Kí ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì? Ẹ́ńjìnì nìkan kọ́. Alternator wà níbẹ̀, ó ní bíárìn. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ éèsì wà níbẹ̀, òun náà ní bíárìn. Páńpù omi, páńpù sítíárìn, àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tó ń tọ́ bẹ́líìtì sọ́nà, gbogbo wọn ló ń yí, gbogbo wọn ló lè gbó, gbogbo wọn ló sì dè mọ́ ara ẹ́ńjìnì. Irin ni wọ́n, irin a sì máa gbé ohùn rìn. Bíárìn páńpù omi lè máa ké lápá ọ̀tún kí ẹ máa gbọ́ ọ lápá òsì. Ọ̀nà wa náà ń dá tirẹ̀ kún un. Ihò ojú títì àti gegele tó wà lọ́nà Ìjú àti ní ẹ̀gbẹ́ Agege Motor Road kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì síìtì, rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, pẹ́ láyé. Tó bá ti ya, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi gíáà sí D tàbí tí ẹ bá tẹ ìná ni ẹ́ńjìnì á máa ta lu irin. Awakọ̀ á ní ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì. Rọ́bà ló ya.

Ẹ tún wo sàlẹ́ńsà. Níbi tó ti bá orí ẹ́ńjìnì pàdé, gásíkẹ́ẹ̀tì kan wà tó máa ń jó. Bó bá jó, èéfín á máa gba ibẹ̀ yọ, á máa dún ta-ta-ta gẹ́gẹ́ bíi tápẹ́ẹ̀tì, pàápàá láàárọ̀ kùtù. Tí irin bá ti gbóná, á wú, á dí ihò náà, ohùn á sì dákẹ́. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kíyè sí i pé tútù nìkan ni ọkọ̀ náà ń pariwo ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹni tí kò fara balẹ̀ ń lọ sí Ládìpọ̀. Èyí tó wá dùn mí jù nínú gbogbo wọn ni ti àwo irin tó so ẹ́ńjìnì mọ́ gíáà ọ̀tọ́mátíìkì. Àwo yẹn lè sán, bóòtù rẹ̀ lè dẹ̀, bó bá sì ṣẹlẹ̀, bí kónrọ́ọ̀dù tó ti jẹ bíárìn ni yóò ṣe máa kọ, kò yàtọ̀ létí ẹni tó ń kánjú. Wọ́n á sọ ẹ́ńjìnì náà kalẹ̀, wọ́n á gbé òmíràn wọlé, wọ́n á tún fi àwo tó sán náà dè é. Kí lẹ rò pé ẹ máa gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ṣíná sí i?

Ìdánwò kan wà fún gbogbo ohun tí bẹ́líìtì ń yí, kò sì gbà ju sípánà kan lọ. Wọ́n á pa ẹ́ńjìnì, wọ́n á yọ bẹ́líìtì ìta, wọ́n á tún ṣíná sí i fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó má pẹ́, torí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́líìtì yẹn ló ń yí páńpù omi, ẹ́ńjìnì á sì gbóná. Bí ohùn náà bá ti dákẹ́, ẹ́ńjìnì kò jẹ̀bi. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń yí níta ni ọ̀daràn, wọ́n á sì fi ọwọ́ yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi kan èyí tó ń ha. Mélòó nínú àwọn ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ ikú ní Agége ni wọ́n ṣe ìdánwò yìí fún kí wọ́n tó dá a? Ẹ bi ẹni tó bá pààrọ̀ tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ bi í bóyá wọ́n yọ bẹ́líìtì.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ inú ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Ohun tó ń tètè mú irin bá irin jà níbẹ̀ ni àìsí ọ́ìlì tó tó. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí à ń lò: ẹ fà á yọ, ẹ nù ún, ẹ tún un kì bọlẹ̀, ẹ fà á yọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀fẹ́ ni. Síbẹ̀ mo ti dúró níbi tí wọ́n ti ń ṣírò owó Bẹ́líjíọ̀mù nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan ọ̀pá yẹn. Camry tí Èkó sọ ní Muscle, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ti ọdún 2007, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́rin tí Toyota pè ní 2AZ-FE. Ilé iṣẹ́ Toyota fúnra rẹ̀ gbà ní Amẹ́ríkà pé àwọn kan nínú ẹ́ńjìnì náà, ti ọkọ̀ 2007 sí 2009, ń jẹ ọ́ìlì ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì ṣètò láti bá àwọn tó ni wọ́n pààrọ̀ písítìnì àti ríìngì lọ́fẹ̀ẹ́ fún àkókò kan. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló kún títì wa yìí. Ẹni tó bá ń wà á láìyẹ ọ́ìlì wò láàárín ìgbà tó ń pààrọ̀ rẹ̀ yóò gbọ́ ariwo dandan. Kí ni oògùn tí wọ́n sì ń júwe fún un? 2AZ-FE mìíràn, tó ti rin ìrìn tirẹ̀ nílùú òyìnbó, tó lè máa jẹ ọ́ìlì bíi ti àkọ́kọ́. Wọ́n fi owó ńlá ra àìsàn kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Tí ọ́ìlì bá sì pé nínú rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn náà kò tíì sọ pé ọ́ìlì ń dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹrẹ̀ ọ́ìlì àtijọ́ lè dí asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Wọ́n á yọ swíìṣì ọ́ìlì kékeré, wọ́n á de gééjì sí ojú ihò rẹ̀, wọ́n á ka agbára tí ọ́ìlì fi ń jáde nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù àti nígbà tó bá gbóná. Mẹkáníìkì tó bá ka gééjì yẹn ń sọ ohun tó rí. Èyí tí kò kà á ń sọ ohun tó rò.

Epo bẹntiróòlù náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó epo sọ fún gbogbo Nàìjíríà pé epo tí mẹtanọ́ọ̀lù inú rẹ̀ pọ̀ ju ìwọ̀n tí òfin gbà ti wọ ọjà, wọ́n sì ní kí wọ́n kó o kúrò. Ọkọ̀ ń dákú káàkiri Èkó nígbà náà, ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n, àwọn tó ni wọ́n ń sáré lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mélòó ni wọ́n ta ẹ̀yà ọkọ̀ fún lásìkò náà fún ohun tó wà nínú táńkì? Láìsí ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ náà, epo tí kò dára tàbí ẹ̀ẹ́dú tó ti lẹ̀ mọ́ inú sílíńdà lè mú kí epo gbiná ṣáájú àkókò rẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn kan tó ń ṣẹ́ kéékèèké nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun afárá Pen Cinema pẹ̀lú ẹrù. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, ohùn á pòórá. Kónrọ́ọ̀dù tó ti jẹ bíárìn kì í pòórá bẹ́ẹ̀ kó má tún padà títí ẹ ó fi gun afárá mìíràn.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ sí èyí: "Mẹkáníìkì mi kò nílò gbogbo ìyẹn, etí rẹ̀ ti tó." Mo bọ̀wọ̀ fún etí yẹn. Ṣùgbọ́n lórí kí ló ti kọ́ ọ? Àwọn àgbà mẹkáníìkì ìlú yìí kọ́ iṣẹ́ lórí Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná àti Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́, àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀ sí tò wọ́n ní 1975. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì yẹn, títún tápẹ́ẹ̀tì ṣe jẹ́ iṣẹ́ àtìgbàdégbà, ohùn tápẹ́ẹ̀tì kò sì ṣòro dá mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà, ẹ̀rọ tó ń fọ́n ọn sì máa ń dún ṣíkí-ṣíkí láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé iṣẹ́. Etí tí 504 kọ́ yóò gbọ́ ọ, á ní àìsàn ni. Ìlera ni.

Etí tó dára gan-an kì í tètè dájọ́. Ó mọ̀ pé kámúṣáfùtù ń yí ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí kíráńkì bá yí ẹ̀ẹ̀méjì. Bí ẹ́ńjìnì bá jókòó jẹ́ẹ́, tí kíráńkì ń yí ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, tápẹ́ẹ̀tì kan tó dẹ̀ yóò kọ ìgbà 400. Ohun tó bá ń tẹ̀lé kíráńkì yóò yá ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá mọ èyí á ka ohùn náà, kò ní dúró sórí gbígbọ́ nìkan. Á bi yín pé láti ìgbà wo ló ti ń dún, ṣé tútù ni tàbí gbígbóná, ṣé ìgbà tí ẹ bá pa éèsì ni ó ń dákẹ́. Á fi ọ̀pá gígùn tàbí sukurudíráfà kan ara ẹ́ńjìnì níbí àti lọ́hùn-ún, á gbé etí lé e. Á yọ kọ́ìlì sílíńdà kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ: bí ìkọ̀ náà bá yí padà nígbà tó yọ ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ti mọ kónrọ́ọ̀dù tó ń ṣe é. Á da ọ́ìlì sílẹ̀, á wá eérú irin tó ń dán nínú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ etí kọ́ nìyẹn mọ́? Ìwádìí ni. Àwọn ọ̀gá gidi tó wà lágbègbè wa yìí ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan nínú wọn ò sì kàwé jìnnà. Àwọn tó ń fi etí ọ̀gá gidi bojú láti fi dájọ́ ìṣẹ́jú kan ni mò ń bá wí.

Síkánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, náà ti di ohun tí wọ́n fi ń bojú. Láti 1996 ni ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ojú ihò OBD-II lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì wúlò gan-an fún ohun tí wọ́n ṣe é fún. Kò sí sẹ́ńsọ̀ kankan nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń wo bíárìn páńpù omi tàbí rọ́bà ẹ́ńjìnì síìtì. Kóòdù kan wà tó ń jẹ́ P0325. Ohun tó ń sọ ni pé sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́ ìkọ̀, tàbí wáyà rẹ̀, ní ìṣòro. Kò sọ pé ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì. Síbẹ̀ wọ́n á fi ojú síkánà han oníbàárà, wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, kọ̀ǹpútà náà sọ ọ́." Ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀ á ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ọ̀gá." Kò yẹ kí ìyẹn jẹ́ ìdáhùn ẹnikẹ́ni tó fẹ́ fi owó ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wo Bẹ́líjíọ̀mù tí wọ́n fi ń tù wá nínú. Ta ló yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀ tó wà tẹ́lẹ̀, kí sì nìdí? Ṣé ọkọ̀ náà forí sọ, tí ẹ́ńjìnì ṣì yè, tàbí ẹ́ńjìnì ni wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ ọkọ̀ náà nù? Kìlómítà mélòó ló ti rìn? Wọ́n á ṣíná sí i fún yín lórí ilẹ̀, á dún dáadáa, ẹ ó sanwó. Ẹ́ńjìnì tó ń jẹ ọ́ìlì kì í fi hàn lórí ilẹ̀. Wọ́n tún lè kì yín láyà pé tí kò bá dára kí ẹ gbé e padà, ṣùgbọ́n owó tí mẹkáníìkì gbà láti sọ àkọ́kọ́ kalẹ̀ kí ó sì gbé èkejì sókè, ta ló máa dá a padà? Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tó wà nínú ìwé ọkọ̀ yín kò ní bá ti tuntun mu mọ́, wàhálà ìyẹn wà lọ́tọ̀. Láti ìgbà tí náírà sì ti já ní oṣù kẹfà 2023 ni owó ọjà òkèèrè ti kọjá sísọ: dọ́là kan tí kò tó ₦500 lọ́jà ìjọba títí di ìgbà náà ti kọjá ₦1,400 ní oṣù kejì 2024. Lásìkò tí ẹ́ńjìnì ṣì pọ́ọ́kú, àṣìṣe yìí ṣì ṣeé gbé mì. Lónìí, owó ilé ìwé àwọn ọmọ ni wọ́n fi ń san án.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń sọ pé ẹ́ńjìnì kì í kú. Ó ń kú. Hyundai mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Ní 2015, wọ́n pe Sonata 2011 àti 2012 tó tó 470,000 padà ní Amẹ́ríkà, torí eérú irin tó ṣẹ́kù nínú kíráńkì láti ilé iṣẹ́ lè dí ọ̀nà ọ́ìlì, kí ó sì ba bíárìn kónrọ́ọ̀dù jẹ́. Ikú gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ni Hyundai ṣe? Wọn kò ní kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo ẹ́ńjìnì tí ẹnikẹ́ni bá ní ó ń dún. Wọ́n ní kí wọ́n yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kí wọ́n sì pààrọ̀ èyí tó bá yẹ. Nígbà tó yá, wọ́n tún fi ètò kọ̀ǹpútà sínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn tó ń fi sẹ́ńsọ̀ ìkọ̀ gbọ́ bíárìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ, kí ó tó di ńlá. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnì náà, tó mọ àléébù rẹ̀, tó sì ń san owó láti inú àpò ara rẹ̀, ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó. Èmi àti ẹ̀yin tí a ń san tiwa, kí ló ń lé wa?

Ẹ wo ilé iṣẹ́ tó yí wa ká níbí. Ìkẹjà jẹ́ àgbègbè ilé iṣẹ́ láti ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kí Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà. Guinness kọ́ ilé ìpọntí rẹ̀ síbẹ̀ ní 1962, Cadbury wà ní Agídíngbì, Òpópónà Ọba Akran àti Ògbà sì kún fún ẹ̀rọ tó ń yí tọ̀sán-tòru. Bí mọ́tọ̀ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí ké nílé iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe, wọ́n á wọn bó ṣe ń gbọ̀n, wọ́n á gbọ́ bíárìn rẹ̀, wọ́n á wo ooru ara rẹ̀, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lu owó ẹ̀rọ mìíràn. Ọ̀gá tó bá ra mọ́tọ̀ tuntun nítorí bíárìn kan, wọ́n á bi í léèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lójú ọ̀sán ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì nírọ̀lẹ́, tí wọ́n á gba ìdájọ́ ìṣẹ́jú kan láìjanpata. Ìmọ̀ náà wà lágbègbè yìí. A kàn ń bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu géètì ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ tó le jù, ìyẹn pé owó àyẹ̀wò owó òfò ni. Níbí ni mo ti dá àwa tí a ni ọkọ̀ lẹ́bi ju mẹkáníìkì lọ. Ọkùnrin kan á fi wákàtí méjì dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ yín, á yọ bẹ́líìtì, á de gééjì, á gbọ́ sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á wá sọ fún yín pé kẹ̀kẹ́ bẹ́líìtì kékeré ló gbó. Ẹ ó san owó kẹ̀kẹ́ náà, ẹ ó fún un ní owó díẹ̀ fún dídè é, ẹ ó lọ. Wákàtí méjì tó fi ronú, ta ló san án? Ẹnikẹ́ni kò san án. Ẹnìkejì rẹ̀ tó sọ ní ìṣẹ́jú kan pé ẹ́ńjìnì ti lọ gba owó iṣẹ́ ńlá, ó rí èrè tirẹ̀ lórí Bẹ́líjíọ̀mù tó bá yín rà, ẹ́ńjìnì àtijọ́ yín sì ṣẹ́kù sí ọgbà rẹ̀. Ẹ ti bèèrè rí pé níbo ni àwọn ẹ́ńjìnì tó ti "lọ" yẹn ń lọ? Àwa la fi owó wa kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n má wádìí. Olóòótọ́ kò rí nǹkan jẹ, oníkánjú ń kọ́lé.

Àwọn baba wa mọ̀ ju báyìí lọ. Ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ babaláwo a kọ́kọ́ fi owó lélẹ̀ kí wọ́n fi dá Ifá, owó ẹbọ sì wà lọ́tọ̀ gedegbe, torí kò sí ẹni tó lè sọ ohun tí wọ́n máa fi rúbọ kí Ifá tó sọ̀rọ̀. Babaláwo tó bá ka ewúrẹ́ sílẹ̀ kó tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀, ta ni yóò fún un ní ewúrẹ́ náà?

Bẹ́ẹ̀ sì ni owó àyẹ̀wò kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnì, ó sì ń ra ohun kan tí Bẹ́líjíọ̀mù kò lè rà: ẹ ó mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún. Kódà bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kónrọ́ọ̀dù ni lóòótọ́, pé eérú irin wà nínú ọ́ìlì, owó yẹn kò ṣòfò. Ẹ ó pa ẹ́ńjìnì náà lójú ẹsẹ̀, ẹ ó ní kí wọ́n fa ọkọ̀ dípò kí ẹ wà á títí irin á fi lu ara rẹ̀ já, ẹ ó sì mọ̀ bóyá kíráńkì ṣì ṣeé gbà là tàbí kò ṣeé gbà là. Ẹni tí ẹ bá sì ní kó kọ ohun tó rí sílẹ̀ ti fún yín ní ẹ̀rí. Òfin ààbò oníbàárà ìjọba àpapọ̀ ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, fún yín ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó péye. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní LASCOPA, àjọ tirẹ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Kí lẹ fẹ́ gbé síwájú wọn bí gbogbo ohun tí ẹ ní bá jẹ́ "Ó ní ẹ́ńjìnì ti lọ"?

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ohùn kan ṣoṣo kò sì tó láti fi da ẹ́ńjìnì nù. Kí wọ́n fi hàn yín. Kí wọ́n fi eérú irin náà sí àtẹ́lẹwọ́ yín. Kí wọ́n yọ bẹ́líìtì níṣojú yín, kí wọ́n gbé gééjì lé e níṣojú yín, kí ẹ̀yin náà gbé etí lé sukurudíráfà. Ohun tí kò bá ṣeé fi hàn, wọn kò tíì mọ̀ ọ́n, ohun tí wọn kò bá sì tíì mọ̀, wọn kò lè tún un ṣe.

Bí ọkọ̀ yín bá jí pẹ̀lú ohùn àjèjì lọ́la, ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé, "Ọ̀gá, mo máa san owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀. Ẹ fi ibi tó ti ń dún hàn mí." Bó bá fi hàn yín, ẹ san owó rẹ̀ pé, kí ẹ fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́, ẹ sì máa júwe rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí kò bá lè fi hàn yín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹni tó lè ṣe é. Ẹ má san kọ́bọ̀ kan fún àléébù tí ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí.